Ọbẹ̀ clam onítòmátì tí wọ́n ń tà ní New York: kí ló ń ṣe lára wa gan-an?

Ìyá Ìbejì Bronx

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ilé oúnjẹ kan wà nísàlẹ̀ ibi iṣẹ́ wa ní Manhattan, ọbẹ̀ clam, ẹran òkun oníkarahun kan, ni wọ́n máa ń tà níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Funfun tí wọ́n fi mílíìkì sè wà, pupa tí wọ́n fi tòmátì sè náà wà. Pupa yẹn ni èmi máa ń rà nítorí ó sún mọ́ tiwa: tòmátì, àlùbọ́sà, ata díẹ̀, ó sì ń ta sánsán.

Ẹnì kan wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan sórí WhatsApp ìjọ wa pé abọ́ kan péré nínú ọbẹ̀ yìí ní èròjà irin tó ju èyí tí ara ń fẹ́ lóòjọ́, pé ó ju ẹ̀dọ̀ màlúù lọ, kí gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó máa jẹ ẹ́. Dókítà ti sọ fún ọmọbìnrin mi àgbà pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Bàbá wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, oògùn ìtọ̀ ṣúgà tó ń jẹ́ metformin ni wọ́n ń lò. Mo fẹ́ máa sè é nílé fún gbogbo wa. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ irin yìí? Ṣé èyí tó wà nínú agolo ní ṣọ́ọ̀bù náà dára? Báwo ni mo ṣe lè sè é kó bá ẹnu wa mu?

Olóbẹ̀ Brooklyn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ilé ìdáná ni mo ti ń jẹun ní ìlú yìí, ọbẹ̀ yẹn sì wà lára ohun tí mo ń sè. Manhattan clam chowder ni wọ́n ń pè é. Ohun èlò rẹ̀ kò le: clam gígé, omi tí wọ́n fi sè é, tòmátì, pòtétò, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, sẹ́lẹ́rì, áyù, ewé thyme àti bay leaf. Bacon tàbí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń kọ́kọ́ yọ́ sínú ìkòkò.

Fún ẹni tí kò tíì rí clam rí: ẹran omi ni, inú iyanrìn etí òkun ló ń gbé, ìkarahun méjì ló sì bò ó, tí wọ́n ń pa dé mọ́ra. Kì í ṣe ìṣáwùrú. Ìkarahun kan ṣoṣo ni ìṣáwùrú ní, ó sì lọ́ bíi ti ìgbín.

Mẹ́ta ni irú ọbẹ̀ clam tó gbajúmọ̀ lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà níbí. Ti Boston àti Maine, mílíìkì tàbí kírímù ló wà nínú rẹ̀. Ti Rhode Island, omi clam lásán ni, ó mọ́ gaara. Ti New York, tòmátì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé àwọn ará Potogí tó ń ṣiṣẹ́ apẹja ní Rhode Island àti àwọn ará Ítálì tó wà ní New York ló fi tòmátì sí i. Inú àwọn ará Maine kò dùn sí i rárá. Ní 1939, aṣòfin wọn kan tó ń jẹ́ Cleveland Sleeper gbé àbá òfin kalẹ̀ pé kí ó di èèwọ̀ láti fi tòmátì sínú ọbẹ̀ clam. Bí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ṣe ká èèyàn lára tó nìyẹn!

Gbọ́láhàn Boston

Ẹ̀gbọ́n Olóbẹ̀, àwọn ará Maine yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Adùn clam kò le, adùn òkun ni, ó fúyẹ́. Bí tòmátì bá ti wọ ibẹ̀, tòmátì nìkan lẹnu máa mọ̀. Mílíìkì kì í bo clam mọ́lẹ̀, ó sì ní kálísíọ̀mù tí egungun ń fẹ́. Tó bá jẹ́ àǹfààní ara la fẹ́ sọ, ẹ má pa funfun tì.

Táíwò Maryland

Gbọ́láhàn, funfun yẹn dùn lẹ́nu o, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí inú mi sinmi. Bí mo bá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, títí ilẹ̀ á fi ṣú ni inú mi á máa kùn. Pupa kì í ṣe mí ní nǹkan kan.

Onímọ̀ Oúnjẹ Houston

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn lórí ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ irin yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti gbára lé e, kò sì yẹ kí wọ́n gbára lé e.

Ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kò jókòó pa irọ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, USDA, ní àkójọ kan tó ń sọ èròjà inú oúnjẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé 100 gíráàmù clam sísè ní irin tó tó mílígíráàmù 28. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n yí i padà. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ mílígíráàmù 2.8, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n 28 àtijọ́ ti wọ inú ìwé àti ojú òpó káàkiri, wọn kò sì yọ ọ́. Òun ló dé orí WhatsApp ìjọ yín. Ẹ̀dọ̀ màlúù sísè ní bíi mílígíráàmù 6.5 nínú 100 gíráàmù. Ẹ̀dọ̀ ló ju clam lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ara ń fẹ́: obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, mílígíráàmù 18 lóòjọ́, aláboyún, 27, ọkùnrin, 8. Clam tó wà nínú abọ́ ọbẹ̀ kan lè máà ju 60 gíráàmù lọ. Irin tó máa bá a wọlé kò pé mílígíráàmù 2. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò lè dá wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sàn. Àìtó irin nìkan kọ́ ló sì ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Nǹkan oṣù tó pọ̀ jù wà níbẹ̀, fibroid, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ, wà níbẹ̀, àìtó fítámì folate tàbí B12 náà wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí dókítà wá ìdí rẹ̀ fún ọmọ yín, bí wọ́n bá sì fún un ní oògùn irin, kó lò ó. Ẹ má fi ọbẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí clam ti ta oúnjẹ yòókù yọ ni fítámì B12. 100 gíráàmù clam sísè ní bíi máíkírógíráàmù 99. Àgbàlagbà, 2.4 péré ló nílò lóòjọ́. Ẹ̀dọ̀ màlúù pàápàá kò tó o. Ara kì í gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ̀nba ló ń gbà nínú oúnjẹ kan, nítorí náà abọ́ kékeré tí èèyàn ń jẹ látìgbàdégbà sàn ju abọ́ ràgàjì kan lọ.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yìí kan ọkọ yín gan-an. Bí metformin bá pẹ́ lára èèyàn, ó lè dín B12 tí ara ń rí gbà kù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú, àárẹ̀ á máa mú un, ìgbàgbé á dé, àwọn ará ilé á sì rò pé ọjọ́ orí ni. Ẹ ní kí dókítà wọn yẹ B12 inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Clam dára fún wọn, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà bá ti kéré. Màá padà wá sórí iyọ̀.

Ìyá Ìbejì Bronx

Ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Èmi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ metformin àti B12 yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tó ń kú ni wọ́n ń sọ láti ìjọ́ yìí. Màá pe dókítà lọ́la.

Tí kì í bá ṣe irin, kí wá ni tòmátì ń bá wa ṣe níbẹ̀? Ṣé òótọ́ sì ni pé mílíìkì kò dára fún wa?

Onímọ̀ Oúnjẹ Houston

Tòmátì ní fítámì C, fítámì C sì máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin tó ti ara ewébẹ̀ àti ẹ̀wà wá. Ooru iná á dín in kù, kì í pa gbogbo rẹ̀. Ohun kejì ni lycopene, èròjà tó mú tòmátì pupa. Èyí yàtọ̀ sí fítámì C: sísè ló ń jẹ́ kí ara rí i gbà dáadáa, àti òróró díẹ̀. Ọbẹ̀ tòmátì tó jinná sàn ju tòmátì tútù lọ ní ti lycopene. Àwa tí a ti ń din ata àti tòmátì láti ọdún gbọ́n-ọn, a ń ṣe ohun tó tọ́ láìmọ̀.

Ní ti mílíìkì, mi ò ní sọ pé kò dára. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ara wọn kì í pèsè èròjà tó ń da ṣúgà inú mílíìkì mọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lọ́mọdé. Ohun tó ń ṣe Táíwò nìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Gbọ́láhàn ní ẹ̀tọ́ sí tiẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbà á, ó sì tọ̀nà pé kálísíọ̀mù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi kírímù sè é, ọ̀rá tó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀ púpọ̀, kálísíọ̀mù sì máa ń dí irin lọ́wọ́ díẹ̀ bí wọ́n bá jọ wọlé. Nínú ilé tí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ wà pọ̀ bíi ti Ìyá Ìbejì, pupa ni màá mú, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Gbọ́láhàn Boston

Mo gba ti àlàyé yẹn mà. Lórí adùn, mo ṣì dúró níbi tí mo wà.

Alhaja New Jersey

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà nínú wa, ẹ máa béèrè kí ẹ tó jẹ ẹ́ níta. Olóbẹ̀ ti sọ ọ́: bacon wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, kò sì ní hàn lójú torí wọ́n ti yọ́ ọ sínú òróró. Èmi máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ gan-an, bí kò bá mọ̀, mo máa ní kó lọ béèrè nínú ilé ìdáná. Ní ti clam fúnra rẹ̀, ọ̀nà Málíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé nílé gbà pé ẹran omi jẹ́ halal. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ̀nà Hanafi ò jẹ ẹ́, ẹja nìkan ni wọ́n ń jẹ nínú ẹran omi. Bí ẹ bá ní àlejò láti Pakístàn tàbí Íńdíà, ẹ bi í kí ẹ tó gbé e síwájú rẹ̀.

Dìẹ́kọ́nì Dallas

Àwa Adventist náà kì í jẹ ẹ́, torí Léfítíkù orí 11 sọ pé ẹran omi tí kò bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́, ká má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń se ọbẹ̀ yìí kan náà pẹ̀lú ẹja cod. Ó dára gan-an.

Onímọ̀ Oúnjẹ Houston

Ẹja cod dára, sà. B12 inú rẹ̀ kéré gan-an sí ti clam, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, amáradàgbà náà sì pọ̀. Ẹni tí kì í jẹ clam lè rí B12 nínú ẹja titus, sàdíìnì, ẹyin àti ẹ̀dọ̀.

Bàbá Providence

Ẹ kú àṣàrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Rhode Island, ibi tí clam ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Quahog ni èyí tí wọ́n ń sè jù níbí, ìkarahun rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ yìí sì fi ṣe ọ̀kan nínú àmì rẹ̀. Àwọn Narragansett tó nilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ kí òyìnbó tó dé. Apá ìkarahun rẹ̀ tó ní àwọ̀ elésè àlùkò ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ wampum.

Ìtóbi ni wọ́n fi ń tà á. Kékeré ni littleneck, èyí tó tẹ̀ lé e ni cherrystone, àwọn ńlá ni wọ́n ń pè ní chowder. Ìyá Ìbejì, chowder ni kí ẹ rà. Ó le ju ti kékeré lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà máa gé e wẹ́wẹ́ ni, adùn rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Kò yẹ kí a fi owó littleneck ṣòfò sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni bí a ṣe ń rà á àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Clam tó bá ṣì wà nínú ìkarahun, ààyè ló gbọ́dọ̀ wà títí á fi wọ ìkòkò. Bí ẹ bá rí èyí tó lanu, ẹ fi ìka gbá a. Bí kò bá pa ẹnu dé, ó ti kú, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tí ìkarahun rẹ̀ ti fọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn tí ẹ bá sè é, èyí tó kọ̀ tí kò là, ẹ sọ òun náà nù. Ẹ má dì í pa sínú ọ̀rá nílé, kò ní lè mí. Ẹ má sì rì í sómi ẹ̀rọ, omi tí kò níyọ̀ máa pa á. Inú abọ́ nínú fíríìjì, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó.

Àpò clam tí wọ́n gbé dé ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní káàdì lára tó sọ omi tí wọ́n ti kó o àti ọjọ́ tí wọ́n kó o. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n fi hàn yín. Bí ontàjà bá ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ lọ síbòmíì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé omi ni clam ń fà wọlé tó ń sẹ́ jẹun. Ohun tó bá wà nínú omi, ìgbẹ́ tàbí kòkòrò àrùn, á kó o pọ̀ sínú ara rẹ̀. Ní Shanghai ní 1988, nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kó àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi A torí wọ́n jẹ ẹran oníkarahun méjì tó ti inú omi ẹlẹ́gbin wá, tí kò sì jinná. Níbí, bí òjò ńlá bá rọ̀, ìjọba máa ń ti apá kan Narragansett Bay pa fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni má kó clam níbẹ̀, torí ẹ̀gbin ìlú ti ṣàn wọ omi. Ẹ̀yin tó ń lọ wa clam fúnra yín lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo ìkéde ìjọba kí ẹ tó lọ. Májèlé kan sì wà tí àwọn ewé omi kéékèèké ń pèsè, tí clam máa ń kó sínú: iná kì í pa á. Ẹ lè sè é títí ilẹ̀ á fi mọ́, májèlé náà á ṣì wà níbẹ̀. Omi tí wọ́n bá ti tì pa, ẹ má bá a ṣàwàdà.

Táíwò Maryland

Bàbá, ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kó lò lórí iná kí ọkàn wa balẹ̀?

Bàbá Providence

Bó bá wà nínú omi tó ń hó, ẹ dúró kí ìkarahun là, kí ẹ wá fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún sí i. Àwọn tó máa ń gbé e kúrò gbàrà tó bá là, kòkòrò bíi norovirus lè ṣì wà láàyè níbẹ̀. Aláboyún, àgbàlagbà àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu kò gbọ́dọ̀ jẹ clam tútù rárá, bó ti wù kí ilé oúnjẹ náà lórúkọ tó.

Kẹ́hìndé Atlanta

Ẹ jọ̀ọ́, edé máa ń wú mi lẹ́nu, ó sì máa ń mú ara yún mi. Ṣé mo lè jẹ clam?

Onímọ̀ Oúnjẹ Houston

Kẹ́hìndé, má fi ara rẹ dán an wò nílé. Edé àti akàn wà nínú ìdílé kan, clam wà nínú ìdílé mìíràn pẹ̀lú ìgbín àti oyster. Ẹlòmíì wà tí edé nìkan ń bá jà, ẹlòmíì wà tí méjèèjì ń bá jà. Dókítà tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló lè yẹ̀ ọ́ wò kó sọ èyí tó jẹ́ tìẹ. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: òfin Amẹ́ríkà lórí ohun tí ara máa ń kọ̀ sọ pé kí wọ́n kéde edé, akàn àti irú wọn gẹ́gẹ́ bí ewu lára páálí oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò ka clam mọ́ ọn. Nítorí náà má wo ìkìlọ̀ tó wà nísàlẹ̀ nìkan, ka gbogbo ohun èlò tí wọ́n tò sára agolo láti òkè délẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè agolo. Agolo ló ń ba ọbẹ̀ yìí jẹ́ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà ní kí sódíọ̀mù má ju mílígíráàmù 2,300 lọ lóòjọ́, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, pàápàá ẹlẹ́jẹ̀ ríru, gbìyànjú láti wà ní 1,500. Nínú ọbẹ̀ clam onítòmátì alágolo, ẹ máa rí èyí tí ife kan ṣoṣo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ife kan kọ́ ni agolo kan. Iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ìdajì agolo, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ lèèyàn máa dà sínú abọ́ tá á jẹ tán. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Sodium sí àti ìlà tó sọ iye èèyàn tí agolo náà wà fún, kí ẹ fi èkejì sọ èkíní di púpọ̀. Clam inú agolo irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, pòtétò ló pọ̀, nítorí náà B12 tí a torí rẹ̀ wá náà kéré síbẹ̀. Bísíkíìtì kéékèèké tí wọ́n máa ń fún yín pẹ̀lú ọbẹ̀ níta, ìyẹ̀fun funfun àti iyọ̀ ni. Kí Bàbá Ìbejì fi í sílẹ̀.

Sísè nílé ló dáa jù.

Olóbẹ̀ Brooklyn

Ẹ jẹ́ kí n kọ bí mo ṣe ń sè é fún èèyàn mẹ́fà, láìsí ẹlẹ́dẹ̀, láìsí iyọ̀ púpọ̀.

Ẹ wá clam ńlá méjìlá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìkarahun wọn lábẹ́ omi ẹ̀rọ. Ẹ gbé ife omi mẹ́rin ka iná, kó hó, kí ẹ dà wọ́n sí i, kí ẹ dé e, kí ẹ ṣe bí Bàbá Providence ti wí. Kó wọn jáde, ẹ yọ ẹran inú wọn, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Omi tó kù nínú ìkòkò, ẹ má dà á nù o, adùn ọbẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì rọra dà á, iyanrìn á wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ààyè rà lè lo clam gígé tí wọ́n dì sínú yìnyín, bíi 450 gíráàmù. Bó bá jẹ́ clam alágolo, ẹ ṣàn án pẹ̀lú omi kí iyọ̀ ara rẹ̀ dín kù.

Ẹ da òróró ólífì ṣíbí ńlá méjì sínú ìkòkò, ẹ fi àlùbọ́sà méjì, sẹ́lẹ́rì ọ̀pá méjì àti kárọ́ọ̀tì méjì sí i, gbogbo rẹ̀ ní gígé. Iná kó má pọ̀, kí wọ́n rọ̀ láìpọ́n. Áyù mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ẹ wá da omi clam yẹn sí i pẹ̀lú pòtétò mẹ́ta tí ẹ ti gé, ewé thyme àti bay leaf kan. Ẹ jẹ́ kí pòtétò jinná kí tòmátì tó wọ ibẹ̀. Mo tún un sọ: pòtétò kọ́kọ́ jinná. Kíkan tòmátì kì í jẹ́ kí pòtétò rọ̀, bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lè sè é títí, á ṣì máa le láàárín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọbẹ̀ yìí sè, tí wọ́n á ní pòtétò Amẹ́ríkà ló burú.

Lẹ́yìn náà, tòmátì alágolo tí wọn ò fi iyọ̀ sí, bíi 800 gíráàmù, tàbí tútù tí ẹ ti gé. Ata rodo kan tàbí méjì gígé. Bíi ogún ìṣẹ́jú lórí iná jẹ́jẹ́. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni clam gígé ń padà wọlé, ìṣẹ́jú méjì péré kó gbóná, torí ó ti jinná tẹ́lẹ̀. Bó bá pẹ́ jù lórí iná, á le bíi rọ́bà. Ẹ tọ́ ọ wò. Clam ti gbé iyọ̀ òkun wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní nílò iyọ̀ kankan mọ́. Ẹ má fi Maggi tàbí Knorr sí i, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó lágbára sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lé e lórí nínú abọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Bahia

Mo kí yín láti Salvador. Ẹ̀yin tó ń bẹ̀rù láti yí ọbẹ̀ yìí padà, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbí: moqueca de sururu. Ẹran oníkarahun méjì ni sururu náà, tòmátì, àlùbọ́sà, mílíìkì àgbọn àti epo pupa ni wọ́n fi ń sè é. Epo pupa àti ẹran òkun mọ ara wọn dáadáa. Ẹ fi ṣíbí kékeré kan rọ́pò òróró ólífì, ẹ máa rí i.

Nọ́ọ̀sì Chicago

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti rẹ̀ sílẹ̀. Tòmátì àti pòtétò, potásíọ̀mù pọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáká, ohun rere ni. Fún ẹni tí dókítà ti ní kó ṣọ́ potásíọ̀mù, tàbí tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, ọbẹ̀ yìí lè pa á lára. Kó fi ohun èlò rẹ̀ han àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru nínú wa ni kò tíì yẹ kíndìnrín wọn wò rí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ló ń bà á jẹ́. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá pe dókítà lọ́la nítorí B12, ẹ ní kí wọ́n bá Bàbá yẹ kíndìnrín náà wò lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá Ìbejì Bronx

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: B12, kíndìnrín, ìdí àìtó ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Mo máa dá a padà sórí WhatsApp ìjọ náà pé kí wọ́n má fi ọbẹ̀ rọ́pò oògùn irin. Ìbéèrè kan ló kù. Àárín ọ̀sẹ̀ kì í fún mi láyè. Ṣé mo lè sè é púpọ̀ kí n gbé e sínú fírísà?

Olóbẹ̀ Brooklyn

Ẹ lè ṣe é mà, ṣùgbọ́n ẹ má fi pòtétò sínú èyí tó ń lọ sí fírísà. Yìnyín máa ń bà á jẹ́, á rí ṣákaṣàka lẹ́nu bí ẹ bá gbé e jáde. Ẹ fi clam náà sí ọ̀rá tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má baà tún jinná lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ se pòtétò díẹ̀ nínú omi, ẹ da ọbẹ̀ tòmátì sí i kó hó, kí clam wọlé gbẹ̀yìn. Fún Bàbá, ẹ dín pòtétò kù nítorí ṣúgà, kí ẹ fi kárọ́ọ̀tì àti sẹ́lẹ́rì dí i. Èyí tí ẹ ò bá gbé sí fírísà, ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nínú fíríìjì.